Èyí Tó Dé Kẹ́yìn

Kì í ṣe àlọ́ ni mo fẹ́ pa. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni, kó wá sí Ìgbó-Ọrà, kó dúró létí fèrèsé Tíṣà Keturah ní ìrọ̀lẹ́, kó sì pa ẹnu mọ́. Ohun tí etí rẹ̀ bá gbọ́, kó gbé e lọ sílé ara rẹ̀.

Keturah bí ìbejì, obìnrin méjèèjì. Táyé ló kù. Ibà ọjọ́ mẹ́ta péré ló mú Kẹ́hìndé lọ, ó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún. Nílùú wa, a kì í sọ pé ìbejì kú. A ní ó lọ sí Èkó. Ohun tí a bá sì rà fún èyí tó wà nílé, a ó ra ti èyí tó lọ sí Èkó mọ́ ọn. Ìyá ọkọ Keturah, tí gbogbo ilé ń pè ní Màmá, kò jẹ́ kó yẹ̀. Àkàrà méjì, bàtà méjì, abọ́ oúnjẹ méjì. Ọdún mẹ́ta gbáko.

Ó sú Keturah. Ẹ̀rù sì ń bà á. Ọmọ kan ṣoṣo ló kù fún un, ó sì ń wò ó bó ṣe ń pín ẹ̀wà sí méjì, tó ń dúró de ẹni tí kò ní í wá. Ó ní òun kò ra nǹkan méjì mọ́. Ó kó ẹrù Kẹ́hìndé sínú àpótí, ó tì í pa, ó fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ọrùn. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má pe òun ní Ìyá Ìbejì mọ́. Màmá wò ó lókè, ó wò ó nílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni òun àti ìyàwó ọmọ rẹ̀ ti ń bára wọn gbé bí ológbò òun eku.

Láti fi tu Táyé nínú, Keturah ra ẹmọ́ òyìnbó kan lọ́wọ́ Yẹ̀kínì, tó ń sìn wọ́n lẹ́yìnkùlé rẹ̀ ní Èrúwà. Ẹran kékeré tí kò nírù, pupa rúsúrúsú. Táyé sọ ọ́ ní Ṣúgà. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, Ṣúgà kò jẹun dáadáa. Yẹ̀kínì ní wọn kì í dá gbé, ẹ wá ẹnì kejì fún un. Keturah rojú títí, kó tó gun ọ̀kadà padà lọ ra dúdú kan wá.

Táyé wo inú àgò. "Màámi, ta ló ni èyí tó dé kẹ́yìn?"

"Ìwọ lo ni méjèèjì."

Màmá ń bó ẹ̀gúsí lẹ́nu ọ̀nà. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Ìyá Ìbejì, bí o bá fẹ́ ra ọ̀kan, ra ọ̀kan. Bí o bá ra méjì, mọ ẹni tí o rà á fún. Kẹ́hìndé ló dé kẹ́yìn, òun sì ni ẹ̀gbọ́n."

Keturah ní ẹran lásán ni.

Ìjà bẹ̀rẹ̀ láàárín ẹran méjèèjì lọ́jọ́ náà gan-an. Irun ẹ̀yìn wọn dìde. Wọ́n ń yí ara wọn po, wọ́n gbé imú sókè, ọ̀kan kò fẹ́ kí imú èkejì ga ju tòun lọ. Ìró kan wá ń jáde lẹ́nu dúdú. Kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́. Ìpayínkeke ni. Inú Bíbélì nìkan ni Keturah ti mọ ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀.

Ó pe Yẹ̀kínì lórí fóònù. Yẹ̀kínì rẹ́rìn-ín.

"Ẹ má fòyà, Tíṣà. Ipò ni wọ́n ń dù. Ẹ fún wọn ní nǹkan ní méjì-méjì, ẹ má sì yà wọ́n àfi tí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀. Èyí tó bá gbà fún èkejì, á fi àgbọ̀n ìsàlẹ̀ lélẹ̀, á lọ sùn létí àgò. Èkejì á wá gba àárín."

Méjì-méjì. Àní lórí ọ̀rọ̀ ẹmọ́. Inú bí Keturah, abọ́ kan ṣoṣo ló gbé sínú àgò náà.

Lọ́jọ́ kẹta, nígbà tó ti ilé ìwé dé, dúdú kẹ̀yìn sí Ṣúgà, ó kọjú sí igun kan, ó ń kùn jẹ́jẹ́. Yẹ̀kínì ti sọ ọ́ fún un: bí wọ́n bá ń kùn báyẹn, ọwọ́ tó ń rọra ra irun wọn ló dùn mọ́ wọn. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n irun ẹ̀yìn dúdú ń tẹ́ pẹlẹbẹ, láti ọrùn dé ìdí. Ó tún dìde. Ó tún tẹ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, abọ́ ti di méjì. Ewé ọ̀dùnkún tútù ló kún inú èkejì. Abọ́ aláwọ̀ sánmà ni, etí rẹ̀ ya díẹ̀. Keturah mọ̀ ọ́n. Abọ́ Kẹ́hìndé ni.

Ó fìbínú bá Màmá. Ó ní ẹ̀tàn ni, ó ní ìyá àgbà fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ òun. Màmá jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Kọ́kọ́rọ́ àpótí ńkọ́?"

Keturah fọwọ́ kan ọrùn. Kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀.

Ó pinnu pé lọ́jọ́ kejì, tí í ṣe Sátidé, òun yóò dá dúdú padà. Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ náà, òjò ṣú. Màmá ti tú irun Táyé tán, ọmọ náà ti wọlé lọ sinmi. Ilé dákẹ́. Keturah yọjú sí àgò. Ṣúgà wà létí, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀. Dúdú na ara sáàárín. Kò sí ẹ̀jẹ̀. Inú Keturah dùn, ó ní ìjà parí.

Kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́.

Ẹnu ẹran méjèèjì pa dé. Iyàrá ni ìró náà ti wá.

Táyé wà létí ẹní, àgbọ̀n rẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Àárín ẹní ṣófo.

"Sún sáàárín," ni Keturah wí.

"Mi ò lè sún, Màámi. Mo ti gbà."

Keturah na ọwọ́ kọjá àárín ẹní láti fà á. Kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́, létí ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ó pe Màmá. Màmá dé ẹnu ọ̀nà, kò wọlé.

"Màmá, ẹ gbà mí. Kí ni kí n ṣe?"

"Sọ ẹni tó ni ín."

Keturah kúnlẹ̀. "Kẹ́hìndé, ìwọ lo ni dúdú. Ìwọ lo ni abọ́. Màá máa ra méjì."

Ìró náà dáwọ́ dúró. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán sórí páànù. Keturah rọra di apá Táyé mú, ó fà á sáàárín. Kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́. Ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Ó ti kọjá ti ẹmọ́," ni Màmá wí. "Fi í sílẹ̀ níbi tó wà."

Keturah jọ̀wọ́ apá ọmọ rẹ̀. Táyé fà padà sétí ẹní fúnra rẹ̀, ó fi àgbọ̀n lélẹ̀. Nígbà náà ni irun orí rẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ pẹlẹbẹ, láti iwájú dé ìpàkọ́. Ó tún dìde. Ó tún tẹ́. Táyé pa ojú dé, ó sì ń kùn jẹ́jẹ́.