Díìsìkì Bàbá

Tọ́ọ̀ṣì kékeré ló wà láàárín eyín ọkùnrin náà nígbà tí Tíṣà kọ́kọ́ rí i. Ó na gbalaja sábẹ́ tábìlì nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń wá súkúrú kan tó já bọ́. Bó ṣe gbọ́ ohùn obìnrin, ó gbójú sókè láti kí i, ni ìmọ́lẹ̀ bá tàn sí Tíṣà lójú gbòò.

"Ẹ ẹ́ ọ̀," ni gbogbo kíkí tó rí ẹnu kí.

Ẹ̀rín pa Tíṣà, ẹni tí ẹ̀rín ti jìnnà sí tipẹ́. "Ẹ yọ iná lẹ́nu ná, Dókítà Kọ̀ǹpútà."

Ó ro ẹjọ́ rẹ̀. Ayàwòrán-ilé ni bàbá rẹ̀ kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó mú wọn lápá ọ̀tún. Gbogbo ilé tí wọ́n yà láyé wọn wà nínú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tó wà nílé, ètò ìdarí àtijọ́ tó ń mú kọ̀ǹpútà náà ṣiṣẹ́ nìkan ló sì lè ṣí wọn. Kọ̀ǹpútà yìí kan náà ni Tíṣà fi ń kọ́ àwọn ọmọdé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Iléeṣẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́ ti ní kó wá ètò ìdarí tuntun, tàbí kó máa lọ.

"Ẹ má fòyà," ni Dókítà wí. "A ò ní fọwọ́ kan ti Bàbá. Màá fi díìsìkì kejì sí i. Ti àtijọ́ á wà lórí díìsìkì tirẹ̀, tuntun á wà lórí tirẹ̀. Tí ẹ bá ti tan kọ̀ǹpútà, á bi yín léèrè èyí tí ẹ fẹ́."

"Wọn ò ní bára wọn jà?"

"Orogún tí wọn ò jọ gbé yàrá kan náà, kí ni wọ́n fẹ́ jà lé lórí?"

Dókítà wá sílé wá wo ẹ̀rọ. Ó tún wá wọn ibi tí díìsìkì máa jókòó sí. Nígbà tó tún wá, kò rí àwáwí kankan ṣe mọ́: ó ní Tíṣà lòun wá wò.

"Kọ̀ǹpútà lọkùnrin yìí ń wò ni, àbí ọmọ mi?" ni Bàbá kùn. Síbẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ òsì ṣí àwòrán ilé kan hàn án, ilé tí wọ́n ń yà fún Tíṣà kí àìsàn tó dé.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ gan-an, Dókítà yọ wáyà díìsìkì Bàbá kí ọwọ́ má baà ṣì. Ẹnì kan pè é níta, ó sì jáde. Tíṣà gbé omi wọlé fún un, ó rí wáyà tó ń fì dirodiro. Ó rò pé ó tú ni. Tìfẹ́tìfẹ́ ló fi kì í bọ̀ ọ́ padà.

Dókítà wọlé. Ẹ̀rín Tíṣà ló wò, kò wo inú ẹ̀rọ mọ́. Ó yan díìsìkì tó kọ́kọ́ fara hàn, ó tẹ̀ ẹ́.

Ìgbà tí ara fi máa fu ú, ètò tuntun ti jókòó lé gbogbo iṣẹ́ Bàbá lórí.

"Ta ló fi wáyà yìí sí i?" Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

Tíṣà wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ọ̀pá Bàbá ń dún bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Dókítà wo obìnrin náà, ó wo ilẹ̀kùn.

"Bàbá, iṣẹ́ yín ti pa rẹ́. Ọwọ́ mi ló ṣì."

Bàbá ò pariwo. "Jáde," ni wọ́n wí. Wọ́n padà sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n kọjú sí ògiri.

Dókítà gbé díìsìkì náà kiri ọ̀dọ̀ gbogbo ẹni tó lè wá ohun tó sọnù. Ìlà wẹ́wẹ́ tí kò di ilé kankan ni wọ́n rí yọ. Bàbá ò fẹ́ jẹun mọ́. Láràárọ̀, Tíṣà á nu ojú kó tó kí àwọn ọmọ lórí ètò tuntun tó ti wà lórí díìsìkì kejì báyìí, irú èyí tó gba àyè àwọn ilé bàbá rẹ̀.

Ó tọ Dókítà lọ ní ṣọ́ọ̀bù. "Kí ló dé tí ẹ fi gbà á rù?"

"Ẹni tó lè tún kọ̀ǹpútà ṣe pọ̀ nígboro. Ọmọ kan ṣoṣo ni Bàbá ní." Kò gbójú sókè. "Ẹ má wá mọ́, olólùfẹ́ mi. Tí ẹ bá ń wá, Bàbá á mọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì."

Ó sọkún délé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó ń fi ṣíbí bọ́ Bàbá, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè fún Dókítà. Tíṣà gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Bàbá, ẹ má ṣépè fún un mọ́. Èmi ni mo ki wáyà bọ̀ ọ́. Èmi ni."

Bàbá ti àwo oúnjẹ sẹ́yìn. Omijé ń ṣàn lójú wọn.

"O wá ń wò mí tí mò ń ṣépè fún ọmọ ọlọ́mọ," ni wọ́n wí. "Pè é."

Dókítà dé, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Àwọn àwòrán mi ńkọ́?"

"Wọn ò ní padà mọ́, Bàbá."

"Á máa dùn mí títí màá fi kú. Mi ò lè purọ́ fún ọ." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Wá jókòó."

Kò pẹ́ tí Bàbá fi dijú. Àwọn méjèèjì jókòó ti bẹ́ẹ̀dì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì.

"Ṣé ẹ ó fẹ́ mi báyìí?" ni Dókítà rọra béèrè.

"Màá fẹ́ ọ. Ṣùgbọ́n tí mo bá tún ṣẹ̀, jẹ́ kí n fẹnu ara mi jẹ́wọ́. Dídákẹ́ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí."

"Mo gbọ́, ìfẹ́ mi."

"Tí ẹ ó bá ṣègbéyàwó," ni Bàbá wí láìlajú, "ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Ó ti rẹ̀ mí."

Wọn ò jẹ́ kó pẹ́.