Òwú Kì Í Gbọ́ Igbe

Ọkùnrin gìrìwò kan ló jókòó sórí àga kékeré tí wọ́n ṣe fún ọmọ iléèwé, òwú pínǹkì wé mọ́ gbogbo ìka rẹ̀, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì di abẹ́rẹ́ gígùn méjì mú bí ẹni tó fẹ́ pa ejò. Bí ọmọbìnrin kan ṣe ṣílẹ̀kùn tó rí i, ẹ̀rín ti bú lẹ́nu rẹ̀ kó tó rántí pé àlejò lòun.

Ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Òun ló ń gbé fóònù tí àwọn èèyàn ń pè nígbà tí nǹkan bá dé sí wọn lójijì: ilé ń jó, gìrì gbé ọmọ, ọkọ̀ ti dojú dé. Igbe ló ń gbọ́ láti àárọ̀. Bó bá ṣíwọ́, igbe náà á bá a délé, oorun á sì kọ̀ láti wá. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó mi orí.

"Ẹ̀jẹ̀ yín ti ń ru," ó ní. "Ẹ wá nǹkan kan tí ẹ ó máa fọwọ́ ṣe, tí kì í ṣe iṣẹ́, tó kàn ń dùn mọ́ yín. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, màá ní kí wọ́n gbé yín kúrò nídìí fóònù yẹn."

Ohun tó gbé e dé yàrá ẹ̀yìn ilé ìkàwé nìyẹn, níbi tí ìyá àgbà kan tí wọ́n ń pè ní Màmá Olówùú ti ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń hun aṣọ òtútù. Àga tó ṣófo kò ju ọ̀kan lọ, ẹ̀gbẹ́ ọkùnrin gìrìwò náà ló sì wà.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ rọra o," ọmọbìnrin náà ní. "Ẹ ń fún òwú yẹn lọ́rùn."

"Òun ló kọ́kọ́ fún mi."

"Kí lẹ fi ṣe é?"

"Mo kígbe mọ́ ọn ni."

Màmá Olówùú gbé ojú sókè láti ibi tó jókòó sí. "Mo ti wí fún un. Òwú kì í gbọ́ igbe. Ìwọ tóo ń rẹ́rìn-ín, jókòó, ká wo tìẹ náà."

Ọ̀gá alásè ni ọkùnrin náà ní hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan. Ààrá làwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń pè é, nítorí bí ọbẹ̀ bá jóná lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹni tó wà lójú títì á mọ̀. Òòyì ló gbé e ṣubú nídìí sítóòfù lọ́jọ́ kan tó ń pariwo lórí iyọ̀. Nígbà tó lajú, ó bá ara rẹ̀ sọ ọ́ pé òun á wá ohun tó máa tu òun lára kí ikú tó wá òun wá.

Ọwọ́ rẹ̀ le. Gbogbo ojú tó bá hun ló máa ń fún tó bẹ́ẹ̀ tí abẹ́rẹ́ kò ní lè wọ̀ ọ́ mọ́. Ti ọmọbìnrin náà wá dẹ̀ jù, ìka mẹ́ta á gba inú rẹ̀ kọjá. Màmá Olówùú wo iṣẹ́ àwọn méjèèjì, ó mí kanlẹ̀.

"Aṣọ ìbora kan ṣoṣo ni ẹ ó jọ hun," ó ní. "Kí eléyìí hun ìlà kan, kí tọ̀hún hun ìkejì. Ẹ ó yá ara yín níwà."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbé aṣọ náà fún ara wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, "ẹ" di "o." Nígbà tó yá, wọ́n ń jọ rìn dé ibùdókọ̀. Nígbà tó tún yá, wọ́n á jẹ́ kí bọ́ọ̀sì bíi méjì kọjá kí ẹnikẹ́ni tó wọ ọ̀kan.

"Mo ti ń rí oorun sùn," ọmọbìnrin náà sọ fún un lọ́jọ́ kan. "Bí mo bá ti ń hun ún, igbe yẹn á dákẹ́ létí mi."

"Èmi náà, ọwọ́ mi kì í gbọ̀n mọ́."

"Irọ́. Ó ń gbọ̀n báyìí."

"Ìyẹn kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ayọ̀ mi. Ọwọ́ tìẹ ló wà nínú ẹ̀."

Ó wá ku ti Bàbá. Alágbàfọ̀ ni bàbá ọmọbìnrin náà, òun nìkan ló tọ́ ọ lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú, ọmọ náà kì í sì í dá nǹkan ṣe láì fi tó o létí. Ó wá jẹ́ pé aṣọ ìbùsùn hòtẹ́ẹ̀lì Ààrá gan-an ni Bàbá fọ̀ títí tó fi fẹ̀yìn tì.

"Ààrá kẹ̀?" Bàbá fò dìde nígbà tó gbọ́ ẹni tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ fẹ́. "Èyí tí mo máa ń gbọ́ ohùn ẹ̀ ní yàrá ìfọṣọ, tí ògiri sì wà láàárín wa? Ìwọ tóo ń fetí gba igbe aráyé, ṣé o tún fẹ́ fọwọ́ ara ẹ fẹ́ igbe sílé ni?"

"Bàbá mi, ó ti yí padà."

"Ẹyin lohùn. Èyí tó ti fọ́ lẹ́nu ẹ̀ ò kéré." Bàbá jókòó padà. "Ó dáa, kó máa wá. Àmọ́ ọjọ́ tí mo bá gbọ́ igbe ẹ̀ nínú ilé yìí, ọjọ́ náà ló parí."

Omijé wà lójú ọmọbìnrin náà nígbà tó ròyìn rẹ̀ fún olólùfẹ́ rẹ̀. "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ," ó ní. "Àmọ́ mi ò lè gba ẹ̀yìn Bàbá mi lọ ilé ọkọ."

Láti ọjọ́ náà, bí inú bá ti fẹ́ bí Ààrá ní ilé ìdáná, á gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó di abẹ́rẹ́ mú, á máa sọ ọ́ lábẹ́ ètè pé, "Ọ̀kan wọlé, ọ̀kan jáde. Ọ̀kan wọlé, ọ̀kan jáde." Ẹ̀rù wá ba àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ju ti ìgbà tó ń pariwo lọ. "Orí Ọ̀gá mà ti ń dàrú o," ni wọ́n ń sọ fún ara wọn.

Nígbà tí aṣọ ìbora náà parí, ó tóbi tó ibùsùn. Bàbá ni wọ́n fẹ́ fún, kó máa fi bo orúnkún tó ń ro ó. Ààrá gbé e sílé Bàbá láàárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́, ó ní òun àti ọmọbìnrin náà á padà wá ní ìrọ̀lẹ́.

Bàbá gbé aṣọ náà símú. Àlùbọ́sà! Ilé ìdáná ti wọ inú rẹ̀ pátápátá. Ó ṣe ṣíọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó tún un wò, tó rí bí ojú iṣẹ́ náà ti pọ̀ tó, ọkàn rẹ̀ rọ̀. Aṣọ tó ń rùn kò gbọ́dọ̀ sùn nílé alágbàfọ̀. Ó gbé omi kaná. Omi híhó ló fi ń fọ aṣọ funfun hòtẹ́ẹ̀lì ní gbogbo ayé rẹ̀, ẹyọ kan kò sì bà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ rí. Ohun tí kò fọ̀ rí ni irun àgùntàn, irun àgùntàn sì ni òwú Màmá Olówùú. Ó rì í sínú omi náà, ó fi igi rò ó, ó bó o dáadáa.

Nígbà tó fi yọ ọ́ jáde, aṣọ ìbora ti súnkì, kò ju ìrọ̀rí ọmọdé lọ.

Ẹ̀gbẹ́ korobá tó ṣì ń yọ èéfín ni àwọn olólùfẹ́ méjèèjì bá Bàbá nírọ̀lẹ́, tó jókòó. Aṣọ kékeré náà wà lórí itan rẹ̀. Ọmọbìnrin náà fọwọ́ bo ẹnu. Kò tilẹ̀ wo aṣọ mọ́, ojú Ààrá ló ń wò. Ó rí i tí iṣan ọrùn rẹ̀ ta jáde, tí àyà rẹ̀ kún, tí ẹnu rẹ̀ là. Má ṣe é, ó ń bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn. Jọ̀ọ́, olówó orí mi, má ṣe é. Bàbá ti di ojú, ó ń retí kí ààrá sán.

Ọwọ́ Ààrá gòkè, ètè rẹ̀ ń mì. Ọ̀kan wọlé, ọ̀kan jáde. Lẹ́yìn náà ó lóṣòó ti àgbàlagbà náà, ó mú ọwọ́ rẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò níwájú lẹ́yìn.

"Bàbá," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "ṣé omi náà ò bó yín lọ́wọ́?"

Omi lé ròrò lójú Bàbá. "Kígbe mọ́ mi, jàre. Ó tọ́ sí mi. Mi ò ba aṣọ ẹnikẹ́ni jẹ́ rí."

"Ẹ fi sílẹ̀, sà. Mo ti kígbe mọ́ òwú yìí rí, kò gbọ́." Ó gbé aṣọ náà lé orí ara rẹ̀. "Àbí kò yẹ mí?"

Ẹ̀rín pa Bàbá tòun tomijé. Ọmọbìnrin náà gba aṣọ lórí rẹ̀, ó ń wá etí òwú, bóyá wọ́n lè tú u kí wọ́n tún un hun. Kò rí etí kankan. Gbogbo rẹ̀ ti wọnú ara wọn.

"Ìlà wo ni tìẹ, èwo ni tèmi?" ó bi í.

"Mi ò mọ̀ mọ́."

"Kò ṣe é tú."

Bàbá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ alágbàfọ̀ fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Ohun tí omi híhó ò lè tú," ó ní, "ta ni mí tí màá fẹ́ tú u? Ẹ lọ mú ọjọ́."

Ní ọjọ́ ìgbéyàwó, Bàbá jókòó níwájú, aṣọ kékeré náà wà lórúnkún rẹ̀, Màmá Olówùú sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí akọ̀wé tó ń so wọ́n pọ̀ bi ọkọ ìyàwó bóyá ó gbà láti fẹ́ ẹ, gbogbo ohun tó ti gbé mì láti oṣù pípẹ́ ló kó jọ sí i lọ́fun.

"MO GBÀ Á O!"

Àwọn ẹyẹlé fò lórí òrùlé. Bírò bọ́ lọ́wọ́ akọ̀wé. Gbogbo èèyàn yíjú sí Bàbá, ṣùgbọ́n Bàbá ti fò dìde, ó ń pàtẹ́wọ́. "Ẹ jẹ́ ó kígbe!" ó ní. "Òní lọjọ́ ẹ̀!"

Ìyàwó rẹ́rìn-ín bó ṣe rín in lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí i lórí àga kékeré. Ó gbá ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú.

"Tún un ké, ọkọ mi," ó ní. "Igbe yìí ló wù mí kó bá mi délé."