Obìnrin Tó Ń Fi Kòkòrò Ṣọ́ Edé

Nígbà tí ọkùnrin tó ń ta edé kọ́kọ́ rí i, obìnrin náà lóṣòó síwájú fíríìjì ńlá inú ṣọ́ọ̀bù, ó dijú, ó sì ki imú bọ abọ́ edé bí ẹni ń gbóòórùn òdòdó. Ọkùnrin náà bi í bóyá ó fẹ́ rà á ni tàbí ó fẹ́ bá a sọ̀rọ̀.

"Mo ti bá a sọ̀rọ̀ tán," obìnrin náà fèsì láìlajú. "Ó ní òun ò lè dọ̀la."

Oníwádìí ni. Ó ṣàlàyé pé àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà tí wọ́n jẹ́ ọmọlúàbí, irú èyí tó ń mú wàrà kan. Téèyàn bá fi omi wọn wọ́n edé kó tó gbé e sínú fíríìjì, wọ́n á gba gbogbo àyè, àwọn abàjẹ́ ò ní ríbi jókòó. Ṣọ́ọ̀bù tí òun á ti dán an wò ló ń wá.

Ọkùnrin náà gbà kíá, kì í sì í ṣe nítorí edé nìkan. Kò pẹ́ tí obìnrin náà fi ń pè é ní Ọkọ Edé, tí òun náà ń dáhùn pé òun ti ṣetán láti kọ edé sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìyá ọkùnrin náà ló ni ṣọ́ọ̀bù, imú ìyá yìí ló sì sọ ibẹ̀ dolórúkọ. Bó bá ti gbóòórùn edé lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ ti parí.

"Kòkòrò tí mo ti ń lé látọjọ́ tí mo ti ń tajà," ni ìyá wí, "òun lo wá ń fọwọ́ ara rẹ gbé wọlé? Mi ò fẹ́ ẹ níṣọ́ọ̀bù, mi ò sì fẹ́ ẹ láya ọmọ mi."

Ọkùnrin náà fẹ́ fárí gá, olólùfẹ́ rẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́ pé kó má torí òun gbóhùn sókè sí màmá. Ó ní òun á wá kó àwọn abọ́ edé tí òun ti gbé síbẹ̀ fún ìdánwò náà lọ.

Ọjọ́ tó wá kó o, ó bá ìyá lẹ́nu ọjà. Ìyá gbé abọ́ edé kan símú níwájú oníbàárà, ó ní ó dára. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òórùn edé tó ti bàjẹ́ ti pàdé obìnrin náà lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá kì í sì í rẹ́ni jẹ. Ó wá yé obìnrin náà pé imú ìyá ò gbóòórùn mọ́.

"Ẹ má bínú, mà," ló wí jẹ́ẹ́. "Abọ́ tèmi tí mo wá kó nìyẹn." Ó gbé e kúrò, ó sì bu òmíràn fún oníbàárà.

Nígbà tó ku àwọn méjèèjì, ìyá jókòó. Ó jẹ́wọ́ pé látìgbà tí àìsàn ti dá òun dùbúlẹ̀, òun ò gbóòórùn ohunkóhun, ẹ̀rù sì ń ba òun láti sọ.

"Ẹnì kankan ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi, mà. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n máa bá yín gbóòórùn rẹ̀."

Ìyá fúnra rẹ̀ ló sọ fún ọmọ rẹ̀. "Ẹni tó bo àṣírí mi lójú oníbàárà," ló fi kún un, "ó lè wọ ilé mi."

Wọ́n dán omi kòkòrò náà wò lára edé. Nígbà tí èyí tí wọn ò wọ́n nǹkan sí ti dúdú, tó ti rọ̀, èyí tí wọ́n wọ́n ṣì le dáadáa, ó ń dán. Ìyá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ títí, ó rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ náà, bí wọ́n ṣe ti ṣọ́ọ̀bù, ọkùnrin náà bi olólùfẹ́ rẹ̀ bóyá ó máa fẹ́ òun. Obìnrin náà fa ọwọ́ ọkùnrin náà bọ inú àpò ẹ̀wù funfun tó fi ń ṣiṣẹ́, ó ki ọwọ́ tirẹ̀ náà bọ ọ́.

"Jẹ́ ká lọ sọ fún màmá wa," ló wí.