Osùn Kì Í Ṣe Ọ̀dà

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n pe Iredélé, ọmọ Oǹdó, lẹ́jọ́ ní Àkúrẹ́, kíjìpá rẹ̀ tó dára jù ló ró. Ẹni tí wọ́n pè ní arúfin kò gbọdọ̀ jáde bí arúfin. Ọdún 1934 ni, nígbà tí àwọn òyìnbó ń kó ọ̀gànwó igbó wa lọ sókè òkun bíi pé bàbá wọn ló gbìn ín.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló dá ẹjọ́ sílẹ̀. Igi tútù ni ìwé àṣẹ Iredélé ní kó máa tà: èyí tí a gé, tí a kò là, tí a kò sì fi nǹkan kan pa. Ṣùgbọ́n Adélaní, akọ̀wé àwọn aṣọ́bodè, rí i pé ojú gẹdú rẹ̀ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán pọ́n, ó bá kọ ọ́ pé ọ̀dà ni wọ́n fi kùn wọ́n. Osùn ni! Ní ìdílé Iredélé, ẹni tó bá gé ọ̀gànwó a fi osùn pa ojú ibi tí àáké ti jẹ, láti fi bẹ igi náà.

Kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, Adélaní fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fomi fọ igi yìí, ẹjọ́ á tán. Bí a ń jà, bí i ká kú kọ́."

"Ṣé o mọ̀ pé osùn ni?"

"Mo mọ̀, Bàbá. Kò sí osùn nínú ìwé òyìnbó ni."

"Kọ ọ́ sí i nígbà náà."

Nígbà tí Ajẹ́lẹ̀, òyìnbó tó ń dá ẹjọ́, jókòó, Iredélé kí i dáadáa, ó sì ní kí Adélaní túmọ̀ ọ̀rọ̀ òun. "Ẹ kú ìjókòó o. Ọjọ́ tí wọ́n bí mi, ìyá mi fi osùn pa mí lára. Ṣé ọ̀dà ni wọ́n fi kùn mí?"

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Iredélé gba àáké, ó bẹ́ ojú gẹdú kan tí wọ́n yí wá síwájú kóòtù. Osùn kò wọnú rẹ̀ rárá. Omi igi ń sun.

Ajẹ́lẹ̀ ní kó fọ̀ wọ́n, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ìjọba á gbẹ́sẹ̀ lé wọn.

Inú bí Iredélé. Ó mú osùn jáde nínú àpò, ó fi pa ojú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ́, níṣojú Ajẹ́lẹ̀. "Mi ò fọ̀ ọ́."

Ìjọba gba gẹdú, wọ́n gba ìwé àṣẹ. Lẹ́yìn oṣù méjì, Adélaní fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí Oǹdó.

"Bàbá, wọ́n ti kó gẹdú yín lọ sókè òkun. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ ìwé rẹ̀."

"Kí lo kọ?"

"Igi tútù, tí a kò fi nǹkan kan pa."

"Ṣé wọ́n fọ̀ wọ́n ni?"

"Wọn ò fọ̀ wọ́n, Bàbá."

Iredélé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀rín nìkan ló fà á. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, ìjọba kò rí ẹni tó mọ ọ̀nà ọ̀gànwó bíi tirẹ̀. Wọ́n rán àwọn ìránṣẹ́ láti dá ìwé àṣẹ padà fún un. Kò nawọ́ gbà á.

"Ẹ bá mi sọ fún Ajẹ́lẹ̀ pé mi ò mọ èyí tó ń jẹ́ igi tútù mọ́. Kó wọgbó lọ wá a fúnra rẹ̀."