Kọ́bọ̀ Márùn-ún Inú Páálí

Ìka méjì ni Bridget fi gbé páálí náà sókè, bí ẹni gbé òkú eku.

"Ẹ wá wo nǹkan o! Fisáyọ̀ ti kó ààtàn Ọ̀kà wá sí Ìkàrẹ́!"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá wà nílùú Ẹ̀pìnmì lókèèrè lọ́jọ́ náà, ẹ ó rò pé àrá ló ń sán. Ewúrẹ́ kan tó ń jẹko lẹ́yìn ilé ìwé fò fẹ̀rẹ̀, ó sá lọ, kò sì tíì wálé títí dòní.

"Bridget, dá a padà," ni Fisáyọ̀ wí. Ojú rẹ̀ ti pọ́n bí epo.

"Kí n dá kí ni padà? Páálí tí aáyán ti tọ̀ sí lára?"

Márùn-ún ni páálí náà, kọ́bọ̀ àtijọ́ kọ̀ọ̀kan ló sì wà nínú wọn, irú èyí tó níhò láàárín. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí ìyá Fisáyọ̀, ló ni wọ́n. Ó gé páálí wẹ́wẹ́, ó ṣẹ́ ẹ po sí méjì, ó dá ojú fèrèsé sí i, ó ki kọ́bọ̀ sáàárín, ó wá fi òwú dúdú rán etí rẹ̀ pa. Kò kọ nǹkan kan sí wọn lára. Ìyá Àgbà kò mọ "A" yàtọ̀ sí àkàbà.

Kó tó kó wọn fún Fisáyọ̀, ó ti là á mọ́lẹ̀. "Bí mo ṣe dì wọ́n fún ọ yìí ni kí o dá wọn padà. Kọ́bọ̀ tí mo so mọ́ ìyá rẹ lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìkómọ wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí o bá parí ìwé mẹ́wàá, màá yọ ọ́ fún ọ."

Ara Fisáyọ̀ yá gágá. Kò tíì mọ̀ ọ́n rìn tí ìyá rẹ̀ fi kú, fọ́tò kan ṣoṣo kò sì sí.

"Ìyá Àgbà, èwo ni ti màmá mi níbẹ̀?"

"A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Jẹ́ kí ọjọ́ pé."

Ó di àpò rẹ̀, ó lọ kí àbúrò rẹ̀ ní Ìkún. Ó ní bóun bá ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ilé ìwé lòun á kọ́kọ́ yà.

Ọjọ́ Ẹtì náà ni Tíṣà Bùsàrí, tó ń kọ́ wọn ní ìtàn, fẹ́ ṣe ìpàtẹ ohun àtijọ́. Ẹni tó bá gbégbá orókè ni yóò ṣojú ilé ìwé ní yunifásítì Àkùngbá. Fisáyọ̀ ń fẹ́ ipò yẹn ju bí ebi ṣe ń fẹ́ iyán lọ.

Kí ọjọ́ náà tó pé ni Fisáyọ̀ ti kó wọn wá fi han Tíṣà, tí Bridget fi rí wọn. Tíṣà gba páálí lọ́wọ́ Bridget, ó yẹ̀ ẹ́ wò títí.

"Ẹni tó di èyí mọ nǹkan án dì. Ọwọ́ ò kan owó, owó ò ha owó. Fisáyọ̀, má fọ̀ ọ́ o. Má sì yọ ọ́ kúrò nínú páálí rẹ̀."

"Mo ti gbọ́, sà."

Etí rẹ̀ gbọ́ lóòótọ́. Ọkàn rẹ̀ ló wà lọ́dọ̀ Bridget, tó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn pé, "Ẹ jẹ́ ó kó o lọ Àkùngbá bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ yunifásítì á sọ náírà márùn-ún márùn-ún sí i, wọ́n á rò pé alágbe ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Fisáyọ̀ lára ju abẹ́rẹ́ lọ. Bó ṣe ń lọ sílé lọ́sàn-án, ó ní kí ọlọ́kadà já òun sílẹ̀ ní Àkùngbá. Owó oúnjẹ odindi ọ̀sẹ̀ kan ló kó fún àwọn onítẹ̀wé kan níbẹ̀. Wọ́n gé páálí funfun márùn-ún fún un, ó ń dán gbinrin, wọ́n fi ìlà wúrà yí i po, wọ́n tẹ nọ́ńbà sí i láti orí ení dé orí àrún.

Nígbà tó délé, ó fi abẹ fa òwú dúdú já. Ó da kọ́bọ̀ márààrún sínú abọ́ kan ṣoṣo, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó bu eérú lé e, ó wá ń fi kànrìnkàn bó wọn bí ẹni bó ìkòkò ìnáwó. Wọ́n dán débi pé òòrùn fúnra rẹ̀ fọwọ́ bojú.

Ó tilẹ̀ ṣe é bíi pé kó dúró díẹ̀. Àmọ́ ó ní, "Owó lowó ń jẹ́. Ìyá Àgbà á mọ tirẹ̀."

Ó kó wọn sínú páálí funfun márààrún. Páálí àtijọ́ náà gbẹ dáadáa. Ó fi wọ́n dáná iṣu. Iṣu náà jinná.

Lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn ọmọ kíláàsì rọ́ bo tábìlì Fisáyọ̀ bí eṣinṣin. Ojú Bridget wálẹ̀. Tíṣà Bùsàrí nìkan ni kò pàtẹ́wọ́.

"Àwọn páálí ìjọ́sí dà?"

"Wọ́n wà nílé, sà." Irọ́ náà jáde wọ́ọ́rọ́.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí Ìyá Àgbà fi dé, tòun tọ̀pá rẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú sórí tábìlì. Ó wo nọ́ńbà kìíní, ó wo ìkejì, ó wò wọ́n tán, ó tún bẹ̀rẹ̀.

"Ìwọ̀nyí kọ́."

"Àwọn ni, Ìyá Àgbà. Mo tún wọn ṣe ni."

"Páálí mi dà?"

Fisáyọ̀ ń wolẹ̀.

"Fisáyọ̀, mo ní páálí mi dà?"

"Mo... mo ti fi dáná, mà."

Ìyá Àgbà kò pariwo. Ì bá tilẹ̀ pariwo!

"Páálí súgà ni mo fi di Zacchaeus," ló wí. "Ọdún tí mo bí i ni súgà kọ́kọ́ wọlé wa. Páálí ìṣáná ni Ọdúnayọ̀. Páálí ọṣẹ ni Mọ́júbọ́lá. Fọláránmi, páálí oògùn tí kò ràn án ni." Ó mí kanlẹ̀. "Olúrónkẹ́ ìyá rẹ, páálí mílíìkì. Ọmú mi ti gbẹ nígbà tí mo bí i. Márààrún ni mo sin. Ọjọ́ ìgbéyàwó wa ni bàbá wọn fún mi ní kọ́bọ̀ yìí, ojú kan náà, ọdún kan náà. Ara páálí ni mo fi ń dá wọn mọ̀. Àràárọ̀ ni mo ń kí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ta ni kí n wá pè ní ta báyìí?"

"Màmá, ẹ kúkú wo nọ́ńbà," ni Bridget wí, ó sì rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó bá a rín in.

Ta ló wá gbégbá orókè? Bridget ni! Áyọ́ọ̀nù eléèédú bàbá bàbá rẹ̀ ló gbé wá, ìpẹtà ti jẹ ẹ́ títí, eérú sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń fi ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ìdọ̀tí kò fi omi kan tirẹ̀.

Ọdún kejì ni Fisáyọ̀ parí ìwé mẹ́wàá. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ìyá Àgbà tẹ́ aṣọ sílẹ̀, ó to kọ́bọ̀ márààrún sórí rẹ̀.

"Mo ṣèlérí. Mú ti ìyá rẹ."

Fisáyọ̀ wò ó. Ọ̀kan kò yàtọ̀ sí ọ̀kan. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Èwo ni, Ìyá Àgbà?"

"Ìwọ lo mọ̀wé," ni Ìyá Àgbà wí. "Kà á."

Ó mú ọ̀kan. Ó lè jẹ́ ìyá rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ Zacchaeus, tí kò mọ̀ rí. Okùn tó fi so ó mọ́ ọrùn ti já nígbà mẹ́ta, ó ń pààrọ̀ rẹ̀, kò sì tíì mọ ẹni tó gbé kọ́rùn.

Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, ẹ gbọ́. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè lákìísà tó àgbà. Ẹ bi àgbà léèrè ohun tí àkísà rẹ̀ ń bò kí ẹ tó gbé e sọnù, kí ẹ má sì torí ẹ̀rín ẹgbẹ́ ba ohun tí wọ́n fi sí yín lọ́wọ́ jẹ́. Ẹ̀rín Bridget ò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta. Àbámọ̀ Fisáyọ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.