Lẹ́tà Kéékèèké Lójú Ìyá Jamilah

Ìbòrí aláwọ̀ ewé ni Jamilah fi ṣíji bo ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ́jọ́ tí Ọláwuyì kọ́kọ́ rí i ní Èbúté Ìkòròdú. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ ojú omi, ó ti wọ ẹ̀wù ìléfòó aláwọ̀ ọsàn, oòrùn ń ta á lójú, kò sì kà á sí. Ẹ̀rọ yẹn ló ń bá jà. Ó ń bú u wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni ń bá ọmọ alágídí wí, bó bá sì ti la ẹnu báyìí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á jìn sínú. Ibi tó jìn yẹn ni ojú Ọláwuyì dúró sí.

Ọmọ Ìwó ni Ọláwuyì, ó háyà yàrá kan ní Ìgbògbò, ojú ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló sì ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe jẹun. Ó yọjú wo ohun tó ń dun ọmọ náà. Lẹ́tà tó wà lójú ìwé tí Jamilah ń ṣe ń kéré sí i bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀, ìlà tó kẹ́yìn kò ju èèrà lọ.

"Em lẹ fi wọn lẹ́tà yín," Ọláwuyì ní. "Em máa ń wo òbí ẹ̀, ìyẹn àpótí tí wọ́n kó o sí, kó tó mọ bó ṣe máa tóbi tó. Òbí kéré, ọmọ kéré, ọmọ-ọmọ wá di èèrà. Ẹ lo rem. Ìyẹn ò wo ojú òbí kankan, bí ẹni tó ni fóònù bá ṣe fẹ́ kí lẹ́tà tóbi tó ló ń tẹ̀ lé."

Jamilah gbójú sókè. "Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé òbí yín ló ní kẹ́ ẹ máa yọjú wo iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ?"

Ẹ̀rín pa àwọn méjèèjì. Nígbà tí ọkọ̀ gúnlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n jókòó sí.

Ìfẹ́ náà kò pẹ́ kó tó ta gbòǹgbò. Jamilah sọ ọ́ ní Ọ̀gá Rem, òun náà ń pè é ní Àyànfẹ́ Ẹ̀pẹ́. Wọ́n ń pín iṣẹ́ ṣe, wọ́n ń pín àkàrà jẹ lẹ́bàá èbúté, Jamilah ló sì ń fi fóònù jí i fún àsùbáà, nítorí oorun ọmọ Ìwó yẹn kì í ṣe kékeré. Ẹni tó bá rí wọn nígbà náà kò ní gbà pé wọ́n lè kẹ̀yìn síra wọn. Èmi gan-an ì bá má gbà.

Ṣùgbọ́n Jamilah ní ìyá. Fàlílátù ni orúkọ rẹ̀, opó ni, ẹja ló ń yan ní Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, òun sì ni olórí àwọn tó ń yan ẹja níbẹ̀. Ó ti dàgbà kó tó mọ ìwé kà, ó sì fẹ́ràn ìwé kíkà ju oúnjẹ lọ. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ó ní èéfín ààrò ni, ló bá mú kí lẹ́tà fóònù rẹ̀ tóbi débi pé gbólóhùn kan péré ló ń kún ojú fóònù náà. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka nǹkan fún òun. Ó ní ẹni tó ń kàwé fúnni lè fo ibi tó bá wù ú.

Àwọn aláàrò wọ̀nyí ló ń wá ojú ìwé tí oníbàárà ọ̀nà jíjìn á ti máa ra ẹja, Jamilah sì gbé iṣẹ́ náà fún Ọláwuyì. Ètò rẹ̀ dára. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí i, màámi á kọ́kọ́ kà á lójú ẹgbẹ́ wọn, inú wọn á dùn, lẹ́yìn náà ni òun á wá sọ fún wọn pé ẹni tó ṣe é ni òun fẹ́ fẹ́. Bí Fàlílátù ò bá sì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, àbúrò bàbá Jamilah, tó dúró bíi bàbá fún un, kò ní gbà kí wọ́n so yìgì kankan.

Ayàwòrán kan ní Èkó ló ya bí ojú ìwé náà ṣe máa rí. Píksẹ́lì ló fi wọn gbogbo lẹ́tà inú rẹ̀, píksẹ́lì kì í sì í tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni, bí wọ́n bá ṣe gbé e kalẹ̀ ló ń wà.

"Rem ni kó o fi sílẹ̀ o," Jamilah wí. "Fóònù màámi ni wọ́n máa fi kà á."

"Mo ti gbọ́, olólùfẹ́ mi."

Irọ́ ni, kò gbọ́. Lórí àwọn fóònù kan, ojú ìwé náà yàtọ̀ díẹ̀ sí àwòrán yẹn, ìyàtọ̀ kékeré náà sì há a lọ́fun bí egungun ẹja. Ó sọ gbogbo rem di píksẹ́lì láti òkè dé ìsàlẹ̀, rem kọ̀ọ̀kan di píksẹ́lì mẹ́rìndínlógún, rem kan ààbọ̀ di mẹ́rìnlélógún, gbogbo rẹ̀ dúró gbọn-in. Ó bá àwòrán mu rẹ́gí. Inú rẹ̀ dùn, kò sì sọ fún Jamilah. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ojú ìwé náà, àwọn ìyá jókòó yí ká ní Olúwo, Fàlílátù dìde láàárín wọn, ó ṣí fóònù. Lẹ́tà kò tóbi. Ó gbé fóònù súnmọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà, ó fi ìka nù ún. Nígbà tí ìdákẹ́jẹ́ fẹ́ pọ̀ jù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó rò pé ó yẹ kó wà níbẹ̀, ó ń kí àwọn oníbàárà, ó ń gbàdúrà fún wọn. Obìnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yọjú wo fóònù náà, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó ní iye owó ẹja ni wọ́n kọ síbẹ̀, àdúrà wo ni Ìyá Jamilah ń kà? Àwọn yòókù náà rẹ́rìn-ín.

Fàlílátù jókòó. Nígbà tí Jamilah mú Ọláwuyì wá síwájú rẹ̀ nílé, tó sọ pé ẹni tó ṣe ojú ìwé náà nìyí, tí Ọláwuyì sì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ìyá náà kò ní kó dìde.

"Ẹni tó sọ mí di òpè lójú ẹgbẹ́ mi ò ní gba ọmọ lọ́wọ́ mi."

Lẹ́yìnkùlé ni Jamilah ti bi í. "Ṣé mo sọ fún ẹ àbí mi ò sọ?"

"O sọ."

"Tó ò bá lè gbọ́ tèmi lórí lẹ́tà lásán, kí lo máa gbọ́ tá a bá délé?"

Ọláwuyì dá gbogbo rẹ̀ padà sí rem kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ọ̀bẹ ti gé ọmọ lọ́wọ́ kó tó sọ ọ̀bẹ nù. Jamilah kò gbé ìpè rẹ̀ mọ́, àsùbáà sì ń kọjá lórí rẹ̀. Ó lọ bẹ ìyá náà ní Ẹ̀pẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ìyá náà á máa yí ẹja lórí ààrò bí ẹni tí kò gbọ́. Ó fẹ́ràn Jamilah, ó fẹ́ràn rẹ̀ débi tí oúnjẹ fi ń korò lẹ́nu rẹ̀, kò sì rí ẹni bínú sí ju ara rẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, Jamilah pè é. Ohùn rẹ̀ gbẹ. Dókítà ní kì í ṣe èéfín ló ń ba ojú màámi jẹ́ rárá, iṣan tó ń gbé ìríran lọ ló ti ń kú díẹ̀díẹ̀, kò sì sí oògùn tó lè dá a padà. Màámi ló ní kó wá.

Ó bá Fàlílátù lórí ẹní, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú ìwé ẹja náà wà ní ṣíṣí, lẹ́tà rẹ̀ sì tóbi bí fóònù náà ṣe lè mú un tóbi mọ.

"Ṣó tóbi?" ìyá náà bi í.

"Ó tóbi, mà."

"Mi ò rí i." Ó gbé fóònù lé orí ẹní. "Lọ́jọ́ yẹn lọ́jà, mo ṣì ń ríran. Ọjọ́ yẹn ló kù fún mi láti kàwé lójú èèyàn. Ìwọ lo gbà á lọ́wọ́ mi."

Ọláwuyì kò wí àwíjàre. Ó ní òótọ́ ni, mà. Ó ní Jamilah kìlọ̀ fún òun, ó wu òun kí iṣẹ́ òun gún, òun kò rántí pé ènìyàn ló máa kà á.

"Kà á fún mi," Fàlílátù wí.

Ó kà á látòkè délẹ̀, títí kan iye owó ẹja ọ̀bọ̀kún. Ìyá náà tẹ́tí. Nígbà tó parí, ó ní òun kò tíì dárí jì í, kó má ṣe tan ara rẹ̀ jẹ. Ṣùgbọ́n ọmọ òun fẹ́ràn rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò sì fo ohun tó burú, kí ó lọ mú àwọn ẹbí rẹ̀ wá.

Jamilah sìn ín dé ìta. "Tí mo bá tún ní kó o fi nǹkan sílẹ̀ bó ṣe wà ńkọ́?"

"Mo máa fi í sílẹ̀."

"Tí ò bá gún ńkọ́?"

"Kó má gún."

Jamilah wò ó títí, lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ kọ́ ọ lọ́wọ́.

Ọwọ́ ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n so yìgì náà nínú pálọ̀ Fàlílátù, èrò kò pọ̀. Nígbà tí ààfáà ṣe àdúrà tán, ìyá ìyàwó pe Ọláwuyì sún mọ́ra. Ó ní kó sọ bí ọmọ òun ṣe rí fún òun.

Ọláwuyì sọ fún un pé ìbòrí rẹ̀ funfun, pé làálì wà lọ́wọ́ rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́, pé ó rẹwà. Ibẹ̀ ló dúró sí.

"Má fo nǹkan kan."

"Ó ń sunkún, mà."

"Ti ayọ̀ ni?"

Ọláwuyì wo ìyàwó rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ mi orí. "Rárá, mà. Torí ojú yín ni."

Fàlílátù wá ojú ọmọ rẹ̀ kàn pẹ̀lú ọwọ́, ó nu omi ibẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá.