Pẹ́pẹ́yẹ àti Ìbéèrè Jẹ́jẹ́

Pẹ́pẹ́yẹ jí láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Kó tó la ojú tán, ó ti la ẹnu.

"Ṣé ilẹ̀ ti mọ́? Ṣé òní náà ni? Bàbá mi dà? Bàtà mi dà?"

Ṣé ẹ ti rí ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní Pẹ́pẹ́yẹ? Kì í ṣe pé ó ní ìyẹ́ o! Ẹnu rẹ̀ ni kì í sinmi. Kuẹ́-kuẹ́-kuẹ́, láti àárọ̀ títí di alẹ́.

Òní ni Ọjọ́ Ìbéèrè ní kíláàsì wọn. Lọ́jọ́ náà, òbí kan á wá sọ iṣẹ́ tó ń ṣe, àwọn ọmọ á sì da ìbéèrè bò ó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bíríkìlà kan ló wá. Wọ́n bi í ní ìbéèrè títí ó fi ní kí wọ́n fún òun lómi.

Lónìí, bàbá Pẹ́pẹ́yẹ ló kàn.

Dírẹ́bà ọkọ̀ aláìsàn ni bàbá Pẹ́pẹ́yẹ. Ọkọ̀ náà funfun, ó ní ilà pupa lára, iná sì wà lórí rẹ̀ tó ń ṣẹ́jú. Tí ara ẹnì kan ò bá yá rárá, Bàbá ni wọ́n máa pè. Bàbá á tan iná. Bàbá á fọn fèrè.

Wíìwóò! Wíìwóò! Ẹ yà o! Ẹ yà!

Nírọ̀lẹ́, tí bàbá rẹ̀ bá ti ibi iṣẹ́ dé, Pẹ́pẹ́yẹ á sáré pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ káàbọ̀, sà! Ṣé ẹni tí ẹ gbé lónìí ti sàn?"

"Ó ń sàn bọ̀, Pẹ́pẹ́yẹ mi."

Ojoojúmọ́ ló ń béèrè. Ojoojúmọ́ ni bàbá rẹ̀ ń dáhùn: "Ó ń sàn bọ̀."

Àfi ọjọ́ kan.

Lọ́jọ́ yẹn, bàbá rẹ̀ dé, wọn ò wọlé. Wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀.

"Ṣé ó ti sàn?" ni Pẹ́pẹ́yẹ bi wọ́n.

"Jẹ́ kí n fọ ọwọ́ mi ná," ni bàbá rẹ̀ wí.

Wọ́n fọ ọwọ́ náà pẹ́, pẹ́, pẹ́. Omi ń dà, ṣọ̀ọ̀ọ̀. Pẹ́pẹ́yẹ rí i pé ojú bàbá òun pọ́n, ó sì ṣe bí ẹni tí kò rí i. Kò tún béèrè mọ́.

Nígbà tó dé iléèwé lọ́jọ́ kejì, ó la ẹnu rẹ̀ gbàgà.

"Ẹnikẹ́ni tó bá ti wọ ọkọ̀ bàbá mi, á sàn!"

"Gbogbo wọn?" ni àwọn ọmọ béèrè.

"Gbogbo wọn! Pátápátá! Porogodo!"

Háà, Pẹ́pẹ́yẹ! Ẹnu rẹ ò ní pa ọ́.

Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì wọn tí wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́. Jẹ́jẹ́ ló ń rìn, jẹ́jẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Tó bá ń jẹ bísíkíìtì pàápàá, ẹ ò ní gbọ́ ìró rẹ̀.

Bàbá àgbà rẹ̀ ló máa ń wá mú un níléèwé. Kí agogo tó lù, wọ́n á ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì pẹ̀lú agboòrùn ńlá aláwọ̀ búlúù. Bí oòrùn ń ràn, wọ́n wà níbẹ̀. Bí òjò ń rọ̀, wọ́n wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n bàbá àgbà Jẹ́jẹ́ ti kú. Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí.

Ìyá Jẹ́jẹ́ ló ń wá mú un nísinsìnyí. Ilé ìfọṣọ ni ìyá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ ibẹ̀ kì í sì í tètè parí. Gbogbo ọmọ á ti lọ tán. Jẹ́jẹ́ á ṣì jókòó sẹ́nu géètì, òun nìkan, á máa wo ọ̀nà.

Pẹ́pẹ́yẹ máa ń rí i níbẹ̀. Ohun tí Pẹ́pẹ́yẹ ò mọ̀ ni ọkọ̀ tó gbé bàbá àgbà Jẹ́jẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n kú.

Kọ̀, kọ̀, kọ̀. Bàtà iṣẹ́ ń bọ̀. Ọjọ́ Ìbéèrè ti bẹ̀rẹ̀, bàbá Pẹ́pẹ́yẹ sì wọ kíláàsì.

"Ẹ káàárọ̀, sà!" ni gbogbo kíláàsì kí wọn.

Inú Pẹ́pẹ́yẹ dùn débi pé kò lè jókòó dáadáa. Ọwọ́ ń gbéra níhìn-ín, ọwọ́ ń gbéra lọ́hùn-ún.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ewúrẹ́ lè wọ ọkọ̀ yín?"

"Ewúrẹ́ ò tíì pè mí rí," ni bàbá Pẹ́pẹ́yẹ dáhùn.

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Wàà!

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, tí ẹ̀yin náà bá ṣàìsàn ńkọ́?"

"Ẹlòmíì á wa ọkọ̀, èmi á dùbúlẹ̀ sẹ́yìn. Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ á sì máa pariwo lé dírẹ́bà lórí."

Wàà!

"Ẹ fọn fèrè ká gbọ́, sà!"

"Rárá o. Àyà máa ń já ẹni tó bá gbọ́ fèrè yẹn. Ẹ jẹ́ ká fi ẹnu fọn ọ́n."

Wíìwóò! Wíìwóò! Gbogbo kíláàsì ń fọn ọ́n. Jẹ́jẹ́ nìkan ló fi ọwọ́ méjèèjì di etí.

Nígbà tí ariwo náà lọ sílẹ̀, Jẹ́jẹ́ rọra gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ló wí. "Ìyá mi ní ọkọ̀ yín ló gbé bàbá àgbà mi. Pẹ́pẹ́yẹ sì ní gbogbo ẹni tó bá wọ ọkọ̀ yín ló máa ń sàn. Kí ló dé tí bàbá àgbà mi ò sàn?"

Gbogbo kíláàsì yíjú wo Pẹ́pẹ́yẹ.

Àǹtí tó ń kọ́ wọn wúkọ́ díẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká gba ìbéèrè míì. Ta ló tún kù?"

Kò sẹ́ni tó kù.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Irọ́ Pẹ́pẹ́yẹ ò tilẹ̀ pé oṣù kan.

Ìdáhùn mẹ́ta sáré wá sí Pẹ́pẹ́yẹ lẹ́nu. Ó lè sọ pé ọkọ̀ míì ni. Ó lè sọ pé wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó pe bàbá òun. Ó lè sọ pé baba náà ti dàgbà jù.

Ó wo Jẹ́jẹ́. Ọwọ́ Jẹ́jẹ́ ṣì wà lókè. Kò tíì sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Pẹ́pẹ́yẹ dìde dúró.

"Jẹ́jẹ́, irọ́ ni mo pa," ló wí. Ohùn rẹ̀ kéré bíńtín. "Mi ò mọ̀ pé bàbá àgbà ẹ ni. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹnì kan ò sàn. Bàbá mi fọ ọwọ́ wọn pẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀rù bà mí, mi ò béèrè mọ́. Mo wá ń sọ fún gbogbo èèyàn pé gbogbo wọn ló ń sàn. Jọ̀ọ́, má bínú."

Ó pa ẹnu dé. Kò tún fi nǹkan kan kún un.

Bàbá Pẹ́pẹ́yẹ rìn lọ bá Jẹ́jẹ́, kọ̀, kọ̀, kọ̀. Wọ́n lóṣòó níwájú rẹ̀, kí ojú wọn lè bá ojú rẹ̀ dọ́gba.

"Ìbéèrè tó dáa lo bi mí, ọmọ mi. Ṣé kí n dáhùn níbí, àbí kí èmi pẹ̀lú ẹ bọ́ síta?"

Jẹ́jẹ́ ronú sí i.

"Níbí, sà. Níbí náà ni Pẹ́pẹ́yẹ ti sọ pé gbogbo wọn ló ń sàn."

"Òótọ́ lo sọ," ni bàbá Pẹ́pẹ́yẹ wí. "Èmi ni mo gbé bàbá àgbà ẹ. Mo sáré. Mo fọn fèrè, gbogbo ọkọ̀ sì yà fún wa. Àwọn nọ́ọ̀sì ti ń retí wa. Gbogbo ohun tá a mọ̀ la ṣe. Kò tó. Ọkàn wọn dáṣẹ́ dúró, a ò sì lè jí i."

"Ṣé ó dùn wọ́n?"

"Ó dùn wọ́n. Mi ò ní purọ́ fún ẹ. Ṣùgbọ́n kò pẹ́."

"Ṣé wọ́n sọ̀rọ̀?"

Bàbá Pẹ́pẹ́yẹ bọ́ fìlà wọn, wọ́n dì í mú.

"Nígbà tí mo ń tì wọ́n wọ ilé ìwòsàn lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní, 'Agogo iléèwé ti fẹ́ lù. Ta ló máa lọ mú ọmọ mi?'"

Ọwọ́ Jẹ́jẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Jẹ́jẹ́ bú sẹ́kún. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò tíì sunkún níléèwé. Lónìí ó sun ún, Pẹ́pẹ́yẹ náà sun ún, Àǹtí sì kọjú sí pátákó, wọ́n ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Kí lẹ sọ fún bàbá àgbà mi?" ni Jẹ́jẹ́ béèrè.

"Mo ní, 'Ẹ fọkàn balẹ̀, bàbá. Ẹnì kan á mú un.' Ṣùgbọ́n mi ò mọ ẹni náà. Mi ò sì padà wá béèrè. Ó yẹ kí n béèrè, ọmọ mi. Ìyẹn ń dùn mí."

Pẹ́pẹ́yẹ gbé ọwọ́ sókè. Ẹ gbọ́ o, Pẹ́pẹ́yẹ gbé ọwọ́ sókè kó tó sọ̀rọ̀!

"Ẹ jọ̀ọ́ sà. Jẹ́jẹ́ nìkan ló máa ń kù sẹ́nu géètì. Ṣé àwa ò lè mú un ni?"

"Ìyá rẹ̀ la máa kọ́kọ́ bi," ni bàbá rẹ̀ wí.

Àǹtí fi fóònù pe ilé ìfọṣọ. Ìyá Jẹ́jẹ́ ní, "Ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ bá mi mú un wá síbí."

Gbàǹ! Gbàǹ! Gbàǹ! Agogo ìlọlé lù.

Nígbà tí Jẹ́jẹ́ máa fi jáde, Pẹ́pẹ́yẹ àti bàbá rẹ̀ ti wà lẹ́nu géètì. Wọn ò gbé ọkọ̀ wá. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi rìn.

Jẹ́jẹ́ wo ibi tí wọ́n dúró sí.

"Ibẹ̀ yẹn ni bàbá àgbà mi máa ń dúró sí," ló wí.

"Ṣé kí n kúrò níbẹ̀?"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà."

Bàbá Pẹ́pẹ́yẹ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì géètì. Ìgbà yẹn ni Jẹ́jẹ́ tó wá bá wọn.

Wọ́n ń rìn lọ. Ọ̀rọ̀ kún ẹnu Pẹ́pẹ́yẹ, ó sì gbé e mì. Jẹ́jẹ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ṣé ẹ máa tún wá lọ́jọ́ Ajé?"

Pẹ́pẹ́yẹ fẹ́ pariwo pé, "Lójoojúmọ́!" Ó dúró. Ó wo bàbá rẹ̀ ná.

"Tí iṣẹ́ ò bá gbé bàbá mi lọ, a máa wá," ló wí. "Tí iṣẹ́ bá gbé wọn lọ, màá jókòó tì ẹ́ títí ìyá ẹ fi máa dé. Èyí tó dá mi lójú nìyẹn."

"Ó dáa," ni Jẹ́jẹ́ wí.

Lọ́jọ́ Ajé, agogo lù, gbàǹ, gbàǹ, gbàǹ. Bàbá Pẹ́pẹ́yẹ ò sí lẹ́nu géètì.

Pẹ́pẹ́yẹ jókòó ti Jẹ́jẹ́. Àwọn ọmọ yòókù lọ, lọ, lọ, wọ́n tán.

Fèrè kan dún lọ́nà jíjìn. Wíìwóò. Wíìwóò.

Jẹ́jẹ́ gbé ọwọ́ bí ẹni fẹ́ di etí. Kò dí i.

"Kí ẹni tí wọ́n gbé sàn o," ló wí.

Pẹ́pẹ́yẹ ò sọ pé á sàn.

"Àmín," ló wí. Ó di ọwọ́ Jẹ́jẹ́ mú, wọ́n sì jókòó síbẹ̀ títí ìyá Jẹ́jẹ́ fi dé.